Oko Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Oúnjẹ Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti ilé-ẹ̀kọ́. A fẹ́ mọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ àwọn ọmọ wa nípa oúnjẹ, láti ayé àwọn Faransé títí di òní. Kì í ṣe oúnjẹ sísè ni mo ń wí. Ohun tí mo ń wí ni bí ọmọ ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ kan dára, pé òmíràn kò dára. Pé èyí jẹ́ ti ọ̀làjú, pé èyí jẹ́ ti ará oko. Ọmọ kò bí ìmọ̀ yẹn mọ́ ara. Ẹnì kan ni ó ń kọ́ ọ. Nígbà mìíràn òbí ni, nígbà mìíràn olùkọ́ ni, nígbà mìíràn ọjà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa. Bàbá kan lè gbin iṣu, kí ó gbin àgbàdo, kí ó gbin ẹ̀wà. Ó lè kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọjà, kí ó sì fi owó rẹ̀ ra ìrẹsì tí ó ti ilẹ̀ Thailand tàbí ilẹ̀ Íńdíà wá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí òfin tí ó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ra ẹ̀wà ẹni kejì? Bí àwọn ọmọ wa bá dàgbà tí wọn kò fẹ́ jẹ òkà mọ́, ta ni a ó máa gbin iṣu fún?

Kí ni a ń pè ní oúnjẹ ilẹ̀ wa?

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè yìí, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu.

Ẹ mú àgbàdo. Gbogbo wa ni a bá a nílé. Òun ni a fi ń ṣe ẹ̀kọ, òun ni a fi ń ṣe ògì. Síbẹ̀ àgbàdo kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, níbi tí àwọn ará Mẹ́síkò ti ń gbìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ọkọ̀ àwọn Potogí ni ó gbé e dé etíkun wa lẹ́yìn ọdún 1500. Bákan náà ni ẹ̀gẹ́, tí ó ti Bràsíl wá. Bákan náà ni ẹ̀pà, ànàmọ́, tòmátì, àti ata pupa tí a ń lọ̀ sí ọbẹ̀. Gbogbo wọn ni ó gba orí omi wá.

Kí wá ni tiwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀? Iṣu ni. Ní 2019 àwọn onímọ̀ tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ìran iṣu funfun wò. Wọ́n rí i pé inú iṣu igbó kan ni iṣu funfun ti jáde, àti pé àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì ni wọ́n tọ́ ọ di iṣu oko, ní agbègbè tí ó wà láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ wo ibi tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wà lórí àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i pé ààrin ibẹ̀ gan-an ni wọ́n wà. Ọkà bàbà náà jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀wà jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ilá, ẹ̀gúsí, ọ̀pẹ tí a ń fọ́ epo rẹ̀, igi òrí, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, gbogbo wọn jẹ́ tiwa. Ìrẹsì pàápàá ní ẹ̀yà kan tí ó jẹ́ ti Áfíríkà, tí àwọn ènìyàn ń gbìn lẹ́bàá odò Ọya kí òyìnbó kankan tó dé.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ tí mo ń jẹ kì í ṣe oúnjẹ ilẹ̀ wa.” Èrò tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo gàrí. Ẹ̀gẹ́ ti wà ní ilẹ̀ wa ṣáájú, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀ púpọ̀, nítorí pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò kó sínú ewu. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíl padà wá ní nǹkan bí 1830 sókè, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, ni wọ́n kọ́ àwọn ará etíkun bí a ti ń rẹ́ ẹ, bí a ti ń fún omi rẹ̀ nù, bí a sì ti ń yan án. Wọ́n tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́, sí Wídà àti sí Èkó. Títí di òní, ní Àjàṣẹ́, ẹ ó rí pírọ́ọ̀nù, gàrí tí a fi omi ọbẹ̀ rò. Ọ̀rọ̀ Potogí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ wa tí a jí gbé lọ ni ó mú ọgbọ́n yẹn padà wálé. Ta ni yóò wá sọ pé gàrí kì í ṣe tiwa?

Nítorí náà, bí mo bá wí pé oúnjẹ ilẹ̀ wa, oúnjẹ tí ọwọ́ wa gbìn, tí ilẹ̀ wa gbà, tí àwọn obìnrin wa mọ̀ ọ́n ṣe, ni mo ń wí. Àlìkámà kò sí nínú rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò bá a lára mu. Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ń gba ojú òkun wọ èbúté Kútọnu àti Lomé. Ti ìrẹsì ní ojú méjì: ọ̀kan ń ti òkèèrè wá, èkejì ń ti ọwọ́ àwọn ará Glazoué àti àwọn ará ibòmíràn nínú ilẹ̀ wa wá.

Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní ayé Faransé

Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ní ayé ọba Glèlè, dó ti Kétu. Kétu ní odi, ó ní yàrà, ó ní ẹnubodè ńlá Àkábà Ìdèna tí àlejò ń wá wò títí di òní. Kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó ṣẹ́gun ìlú náà. Ojú ọ̀nà oko ti dí, ebi sì wọ inú ìlú. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Agbómẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun ọba Bẹ́hánzìn ni àwọn tí ó kù padà wá tún Kétu tẹ̀ dó, ní nǹkan bí 1893 àti 1894. Mo mẹ́nu kan èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí oko wà àti kí oko má sí, kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tó dé.

Àwọn Faransé wá sọ gbogbo ilẹ̀ náà di ti wọn. Epo pupa, ekùrọ́, òwú àti ẹ̀pà ni wọ́n ń wá. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò pọ̀. Nígbà tí Jules Brévié jẹ́ gómìnà àgbà ní Dakar, láàárín 1930 àti 1936, ó gbé ètò kan kalẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé di ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Kí ọgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì, kí àwọn ọmọ máa roko, kí wọ́n máa bomi rin ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa da ajílẹ̀. Láyé ìgbà náà ni Faransé kan, André Davesne, ṣe ìwé kíkà tí a ń pè ní Mamadou et Bineta. Abúlé Áfíríkà ni àwọn ọmọ inú ìwé náà ń gbé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni ó fi í kọ́ ìwé.

Bí a bá gbọ́ ètò yìí lónìí, a lè sọ pé ó dára. Ọmọ ń mọ oko, ọmọ ń mọ ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ń so. Kí ló dé tí àwọn òbí fi kórìíra rẹ̀?

Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà iṣẹ́ ipá ṣì wà. Wọ́n ń kó bàbá ọmọ lọ la ọ̀nà láìfún un lówó tí ó tó. Nígbà tí ó bá darí dé, tí ó gbọ́ pé ọmọ òun náà wà ní oko ilé-ẹ̀kọ́, ojú kan náà ni ó fi ń wo méjèèjì. Ọdún 1946 ni òfin tí a fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny pè tó fòpin sí iṣẹ́ ipá. Nǹkan kejì sì wà. Òbí tí ó fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ti fi ọwọ́ kan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ oko rẹ̀. Ó ṣe é nítorí pé ó fẹ́ kí ọmọ náà di akọ̀wé, kí ó lè dúró níwájú òyìnbó kí ó sì gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ́ ni wọn yóò tún fi lé e lọ́wọ́, ilé ni ìbá ti jókòó.

Àwọn aṣojú wa tí wọ́n lọ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris lẹ́yìn 1945 béèrè pé kí ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí ọmọ Faransé ń kọ́. Èmi kò dá wọn lẹ́bi rárá. Ẹni tí ó ní kí o kọ́ iṣẹ́ oko ní ilé-ẹ̀kọ́, tí kò jẹ́ kí o gba ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ tirẹ̀ ń gbà, kì í ṣe oko ni ó fẹ́ kí o mọ̀. Ó fẹ́ kí o má kúrò níbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, oko àti ìwé pínyà. Ẹni tí ó mọ̀wé jókòó sí ọ́fíìsì, ó ń mu kọfí, ó ń jẹ búrẹ́dì ní òwúrọ̀ bí ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé ń jẹ òkà. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ èyí sí ara pátákó, síbẹ̀ àwọn ọmọ kà á.

Àpò láti òkè òkun

Tógò gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1960, Dàhòmì gba tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Láyé ìgbà yẹn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń kórè ju ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè jẹ lọ. Ní 1954 wọ́n ti ṣe òfin kan tí ó fún wọn láyè láti máa kó oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn. Ní 1961 ni àjọ gbogbo orílẹ̀-èdè dá Ètò Oúnjẹ Àgbáyé sílẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní PAM. Báyìí ni àpò ìrẹsì, ìyẹ̀fun, wàrà lẹ́búlẹ́bú àti òróró inú agolo fi ń dé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà.

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tí kò jẹun ní òwúrọ̀ kò lè gbọ́ ìṣirò. Oúnjẹ tí ó dé yẹn gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, ó sì mú ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, dúró ní kíláàsì. A kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára. Àmọ́ ọmọ tí ó ń jẹ oúnjẹ àpò náà ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan lára rẹ̀: pé oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ń ti inú ọkọ̀ wá, oúnjẹ ilé ń ti oko wá. Bàbá tí ó ní àgbàdo nínú aká ní ìsọdá ọ̀nà kò sì rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún káńtínì.

Ilé-Ẹ̀kọ́ Titun ti 1975

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, àwọn ológun gba ìjọba ní Dàhòmì, Mathieu Kérékou sì di olórí. Ní 1974 ìjọba náà kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni òun yóò tọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975 orúkọ ilẹ̀ náà yí padà láti Dàhòmì sí Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni òfin Ilé-Ẹ̀kọ́ Titun jáde. École Nouvelle ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé.

Òfin náà ní kí ilé-ẹ̀kọ́ má jìnnà sí ìgbé-ayé àwọn ènìyàn mọ́. Kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ di ibi tí a ti ń pèsè nǹkan. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe, kí ó ní oko. Ìjọba ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara wa ná, kí a tó wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n ti ń lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí rántí bí wọ́n ṣe ń mú ọkọ́ àti àdá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí a yàn. Wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n gbin ẹ̀pà, wọ́n gbin ẹ̀wà, ní apá òkè wọ́n gbin òwú.

Èmi rí ohun rere kan nínú ètò náà, mi ò sì rò pé a ti yìn ín tó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ rí olùkọ́ rẹ̀, ẹni tí ó mọ èdè Faransé, tí ó dúró láàárín ebè. Ohun tí Brévié ṣe fún ọmọ ẹrú rẹ̀, òmìnira ni ó ń ṣe é fún ara rẹ̀ báyìí. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kí ló wá bà á jẹ́? Àwọn kan yóò sọ pé owó ni. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò tó, wọ́n sì ní láti kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ kọ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ tí ó pẹ́ dé ni wọ́n ń ní kí ó lọ tu koríko. Bí oko bá di ìyà ẹ̀ṣẹ̀, tani yóò fẹ́ràn rẹ̀? Ní ibòmíràn, kì í ṣe oko ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ ń ro, oko olùkọ́ ni. Àwọn òbí rí i, inú wọn kò sì dùn.

Ṣùgbọ́n ní tèmi, àṣìṣe tí ó tóbi jù kì í ṣe èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ohun tí àwọn ọmọ gbìn, títà ni wọ́n ń tà á. Owó rẹ̀ wọ inú àpótí ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe, wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí ó gbin ẹ̀wà ní àárọ̀ lè jókòó sí ìsinmi kí ó ra búrẹ́dì jẹ. Wọ́n kọ́ ọmọ ní gbíngbìn, wọn kò kọ́ ọ ní jíjẹ. Wọn kò fi ẹ̀wà náà sínú ìkòkò níwájú rẹ̀. Wọn kò sọ fún un ohun tí ẹ̀wà ń ṣe nínú ara.

Ọ̀dá ńlá dé ní 1983, iná jó oko púpọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti ní Gánà. Nígbà tí ó fi máa di 1989, ìjọba kò lè san owó oṣù mọ́. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989 sì di ọdún òfo. Àpérò orílẹ̀-èdè wáyé ní oṣù kejì 1990. Ilé-Ẹ̀kọ́ Titun parí síbẹ̀, oko ilé-ẹ̀kọ́ sì di igbó ní ọ̀pọ̀ abúlé.

Àwọn aládùúgbò wa

Kì í ṣe àwa nìkan ni a gbìyànjú. Ní 1976 ìjọba Ọbásanjọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ní kí gbogbo ènìyàn gbin nǹkan, wọ́n sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí oko nígbà ìsinmi gígùn. Ní Burkina Faso, láàárín 1983 àti 1987, Thomas Sankara ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ ohun tí ilẹ̀ wọn so, kí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n hun.

Nàìjíríà tún fi òfin de àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ 1987 títí di 1992. Àwa tí à ń gbé ẹnubodè mọ bí ó ti rí. Ìyẹ̀fun ń gba Bẹ̀nẹ̀ kọjá sí ọ̀hún, ní òru àti ní ọ̀sán, lórí kẹ̀kẹ́ àti nínú ọkọ̀ ojú omi. Òfin lè ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọ̀fun tí ó ti mọ adùn búrẹ́dì yóò máa wá fèrèsé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Songhaï ní Àjàṣẹ́

Ní 1985, nígbà tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Titun ń kú lọ, àlùfáà Kátólíìkì kan tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dé Àjàṣẹ́. Ó ti kàwé púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìyàn tí ó mú ní Etiópíà láyé ìgbà náà ni ó mú un gbéra. Ìjọba fún un ní ilẹ̀ ẹ̀kítà kan ní Ouando. Ilẹ̀ tí ó ti rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni ó kó jọ. Ó sọ ibẹ̀ ní Songhaï, orúkọ ìjọba ńlá tí ó wà lẹ́bàá odò Ọya láyé àtijọ́.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni kí ohunkóhun má ṣòfò. Ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì ìdáná, èyí tí ó bá ṣẹ́kù di ajílẹ̀. Wọ́n ń sin ìdin lórí ìdọ̀tí, wọ́n sì ń fi ìdin náà bọ́ ẹja àti adìẹ. Omi inú adágún ẹja ni wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ohun tí wọ́n bá kórè, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fún omi èso, wọ́n ń dì í sínú ìgò àti ọ̀rá, wọ́n ń tà á. Ilé oúnjẹ wà nínú ọgbà náà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò ti ń jẹ ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ so. Lónìí Songhaï ní ibùdó ní Savalou, ní Parakou àti ní Kinwédji pẹ̀lú.

Ẹ wo ohun tí ó yàtọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó gbìn ín ni ó ń sè é, òun ni ó ń jẹ ẹ́, òun náà ni ó ń rí i tí ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúró láti rà á. Ìtìjú kò rí àyè jókòó. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé owó tí ó wọlé fún Songhaï láti òkèèrè pọ̀, pé abúlé kan kò lè ṣe irú rẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ìdin kò nílò owó òkèèrè.

Káńtínì òde òní

Ní 2008 oúnjẹ wọ́n ní gbogbo ayé. Ní ọdún náà Tógò bẹ̀rẹ̀ káńtínì ní àwọn abúlé tí ó tálákà jù, ó sì fi í lé àwọn obìnrin abúlé lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ra nǹkan ní ọjà àdúgbò, wọ́n ń sè é. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá ti káńtínì ní 2017, ó sì fi iṣẹ́ náà lé PAM lọ́wọ́. Ọ̀nà ti yí padà díẹ̀díẹ̀: PAM tí ó ń gbé àpò wá láti òkun ti ń ra àgbàdo àti ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa. Ní ìlà-oòrùn wa, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ṣe irú rẹ̀ láti 2012. Láti 2016 ni gbogbo Áfíríkà ti ń fi ọjọ́ kìíní oṣù kẹta rántí oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́. Láti 2020, oṣù kẹwàá sì ni oṣù jíjẹ ohun ilẹ̀ ẹni ní àwọn ilẹ̀ tí ń ná owó sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Tòmátì jẹrà lọ́wọ́ àwọn tí ó gbìn ín. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹrà. Àgbẹ̀ tí ojú rẹ̀ wà lára oníbàárà kan ṣoṣo ní òdìkejì ẹnubodè kò rí ibi yà sí. Káńtínì ilé-ẹ̀kọ́ abúlé rẹ̀ kì bá ti gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ kì í rékọjá ẹnubodè kankan.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ yìí kò nílò ìwé ńlá. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ àti àkàrà. Àgbàdo nìkan kò ní gbogbo ohun tí ń kọ́ iṣan àti ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ fún àgbàdo, ẹ̀wà ní i. Àwọn ìyá wa ti so méjèèjì pọ̀ kí a tó mọ ìdí. Ó lè mú epo pupa, kí ó sọ pé ohun tí ó mú un pupa ni ó ń dáàbò bo ojú ọmọ kí ó má fọ́jú ní alẹ́. Ó lè mú irú, kí ó ní kí àwọn ọmọ bi ìyá wọn bí wọ́n ti ń ṣe é, kí kúùbù Maggi tó gba ipò rẹ̀. Kí ó mú iṣu kókóró láti apá Ṣábẹ, kí ó fi hàn wọ́n bí a ti ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kí a tó sá a di gbodo tí kì í bàjẹ́ fún oṣù púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó sọ òtítọ́ nípa gàrí: pé ó ń yóni ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ẹ̀wà ní, kí ọmọ má fi í nìkan ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ẹ̀yin òbí, káńtínì kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀, àwọn òbí sì wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ lè ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín. Ẹ wo orúkọ oúnjẹ, ẹ wo iye àpò. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ara àpò fúnra rẹ̀ nínú yàrá ìkóúnjẹpamọ́ sí, nítorí pé wọ́n máa ń tẹ ibi tí ó ti wá sí i lára. Bí ẹ bá rí “Produit du Bénin” tàbí “Produit du Togo”, ilẹ̀ wa ni ó ti wá. Bí orúkọ ilẹ̀ mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ béèrè ní ìpàdé àwọn òbí iye tí wọ́n ra àpò náà, àti iye tí wọn ìbá rà á ní ọjà yín.